Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù ti ń bá mi wọ ilé Ọlọ́run

Atúnfóònùṣe, Ìlọrin (alẹ́ ọjọ́ Àìkú)

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ará. Ó ti lé lọ́dún kan tí mo ti ń ka ohun tí ẹ ń kọ síbí, n kò dá sí i rí. Ohun tó jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ lónìí ni pé láàárọ̀ yìí, mo dúró láàárín àwọn akọrin, orin ọpẹ́ là ń kọ, ni fóònù bá gbọ̀n nínú àpò ṣòkòtò mi. Mo mọ̀ pé èsì bọ́ọ̀lù ni. Ẹnu mi ń kọrin, ọkàn mi wà lọ́dọ̀ àwọn agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Australia tí n kò mọ orúkọ ẹyọ kan nínú wọn. Bí a ṣe jókòó, mo ní mo fẹ́ lọ tọ̀. Ilé ìtọ̀ ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò.

Ọmọ Òmù-Àrán ni mí, Ìlọrin ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Mo ń tún fóònù ṣe lágbègbè Post Office. Mo níyàwó, ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún wa. Ọdún mẹ́ta rèé tí mo ti bẹ̀rẹ̀. ₦100 ni mo kọ́kọ́ fi ta á, mo jẹ ₦4,500. Owó yẹn ni mo fi ra bàtà ilé-ìwé fún ọmọ mi àgbà, mo sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run lé e lórí. Ibẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ ṣì í.

Bó ṣe ń ṣe mí lálẹ́ nìyí. Ìyàwó mi á ti sùn. Màá dín ìmọ́lẹ̀ fóònù kù títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣókùnkùn, màá wá fi ìbora borí. Lóṣù tó kọjá, mo to gémù mẹ́sàn-án pọ̀, gbogbo wọn ló gbọ́dọ̀ wọlé kí n tó jẹ. Mẹ́jọ wọlé. Ìkẹsàn-án ku ìṣẹ́jú díẹ̀ kó parí, wọ́n fi ìṣẹ́jú mẹ́rin kún un, nínú ìṣẹ́jú kẹta ni wọ́n gbá bọ́ọ̀lù wọlé. ₦212,000 ló lọ bẹ́ẹ̀. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé inú mi ò bàjẹ́. Ohun tó sọ sí mi lọ́kàn ni pé mo ti súnmọ́ ọn, ọ̀la ni. Kí n tó sùn, mo ti tún fi ₦2,000 ta.

Èyí tó burú jù ni mo fẹ́ sọ báyìí. Èmi ni akápò ẹgbẹ́ akọrin wa. Owó aṣọ ìkórè wà lọ́wọ́ mi, ₦86,000. Ó ku ₦31,500. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí i la máa lọ ra aṣọ náà.

Mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́. Alẹ́ tí ọdún tó kọjá parí, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú pẹpẹ, mo sunkún, mo ní Olúwa, ó tó. Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kìíní ni mo tún ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ta fóònù mi, kí n ra alátọ́ọ̀ṣì kékeré. Fóònù ni iṣẹ́ mi. Bí tèmi ò bá sí, ti oníbàárà mẹ́wàá wà lórí tábìlì. Ẹ̀yin tí ẹ ti bọ́ nínú irú nǹkan báyìí, kí lẹ ṣe?

Ìyá Ìbejì, Gáà-Akanbí

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Mo ka ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ìyàwó rẹ mọ̀?

Jẹ́ kí n sọ tilé mi, baálé mi ló ní kí n sọ ọ́. Ògógóró ni tirẹ̀. Ẹni ọ̀wọ̀ ni nínú ìjọ, òun ló ń ka Bíbélì lọ́jọ́ Ìsinmi. Inú kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì tó ti ṣófo ló ń tọ́jú ọtí sí, lẹ́yìn ilé ìdáná, torí kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ gbóòórùn kẹ́ẹ̀gì kẹrosíìnì. Ọdún méjì ni mo fi mọ̀, tí n kò sọ. Òun náà mọ̀ pé mo mọ̀, kò sọ. À ń gbàdúrà pọ̀ láràárọ̀, kẹ́ẹ̀gì wà níbẹ̀.

Ọjọ́ tó jẹ́wọ́, kì í ṣe níwájú pẹpẹ. Ìdí ààrò ni. Mo ń ro ọkà lọ́wọ́, ó wọlé, ó gba ọmọrogùn lọ́wọ́ mi. Ó ní, “Ìyá Táyé, bá mi gbé kẹ́ẹ̀gì yẹn dà nù. Ọwọ́ mi ò gbé e.” Mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé, mo dà á sílẹ̀. Nígbà tí mo padà dé, ó ń ro ọkà náà, ó ti dí kókó, omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. A jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ó tún mu lẹ́yìn ìyẹn, ẹ̀ẹ̀mejì. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló jí mi kí ilẹ̀ tó mọ́, tó sọ fún mi. Ọdún kẹfà rèé. Jákọ́bù 5:16 sọ pé kí á jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ wa fún ara wa, kí á sì máa gbàdúrà fún ara wa, kí á lè mú wa láradá. Ṣé o rí i? Ìwòsàn ló so mọ́ ìjẹ́wọ́. Ìdáríjì, o lè gbà á lábẹ́ ìbora. Ìwòsàn ló ń wá ẹni kejì.

Sọ fún ìyàwó rẹ.

Ajíhìnrere, Òkè-Ẹ̀rọ̀

Ará, ẹ̀mí kan ló wà nídìí ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má jẹ́ ká fi ojú ara wò ó. Ọ̀dọ̀ wa níbí, ní Odò-Ọwà, ni wọ́n ti bí Joseph Ayọ̀ Babalọlá lọ́dún 1904. Ààwẹ̀ àti àdúrà ni Ọlọ́run fi lò ó, gbogbo ilẹ̀ Yorùbá ló sì mọ̀ ọ́n. Gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ka Sáàmù 51 láàárọ̀ àti lálẹ́. Fi òróró ya fóònù náà sí mímọ́. Ní ti owó akọrin, wá a kí o dá a padà ní jẹ́ẹ́jẹ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹnu ọmọ aráyé kò dára, ìtìjú lè lé ọ kúrò nínú ìjọ pátápátá.

Awakọ̀ Ọ̀fà Garage

Ẹ kú àdúrà, Ajíhìnrere. Mo gbà pé kó gbààwẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi náà gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta nítorí sìgá, ọjọ́ kẹrin mo ti mu igi méjì kí oòrùn tó yọ.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, ẹ̀yin náà mọ̀. Ẹni tó bá mọ ìjàkadì kì í kàn fò mọ́ ẹni tí wọ́n jọ fẹ́ jà. Á kọ́kọ́ wò ó, ọwọ́ wo ló ń lò, ibo ló ń gbà dì í mú tó fi máa ń da ènìyàn. Mo ra ìwé pẹlẹbẹ kan, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mo fi kọ ọ́: aago mélòó ni òòfà sìgá dé, níbo, ta ló wà lọ́dọ̀ mi, kí ló ṣẹlẹ̀ ṣáájú. Ẹ̀ẹ̀mejìlélógún ni. Nígbà tí mo kà á, 17 nínú rẹ̀ jẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní gáréèjì, pẹ̀lú àwọn ènìyàn mẹ́ta kan náà. Mo ti ń lé ẹ̀mí èṣù kúrò nínú ara mi, bẹ́ǹṣì ni n kò kúrò lórí rẹ̀!

Mo kó oúnjẹ ọ̀sán mi lọ sọ́dọ̀ ìyá oníwàrà kan lódìkejì títì. Oṣù àkọ́kọ́ le. Ìkejì rọ̀.

Èṣù pàápàá ń wo àsìkò. Ẹ wo Mátíù 4. Ogójì ọjọ́ ni Jésù fi gbààwẹ̀, ìgbà tí ebi wá ń pa á ni wọ́n mú ọ̀rọ̀ òkúta àti búrẹ́dì wá. Lúùkù ní nígbà tí èṣù parí ìdẹwò, ó fi í sílẹ̀ lọ di sáà kan. Ó ní sáà tó ń dúró dè. Arákùnrin, ìgbà wo ni tìrẹ?

Atúnfóònùṣe, Ìlọrin

Ẹ ṣé gan-an. Mo ronú sí i. Ìgbà mẹ́ta ni: alẹ́ tí ọjà ò bá tà, ọ̀sán Sátidé, àti bí èmi àti ìyàwó mi bá jà. Èyí tó gbẹ̀yìn yẹn, n kò mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀ àfi bí mo ṣe kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí.

Ìyá mi, ìyàwó mi ò mọ̀. Ẹ̀rù ń bà mí.

Tísà Ìṣirò, Àjàṣẹ́-Ìpò

Ẹ jẹ́ kí n dá sí ibì kan péré. Arákùnrin wa ní òun ti súnmọ́ ọn. Mo fẹ́ kó mọ ohun tí “mo ti súnmọ́ ọn” jẹ́.

Ká ní gémù kọ̀ọ̀kan dà bí owó ẹyọ tí a jù sókè, bóyá orí bóyá ìdí. Kí mẹ́sàn-án tò tẹ̀ léra kó wọlé, ìgbà kan ni nínú 512. Ṣùgbọ́n kí mẹ́jọ wọlé kí ẹyọ kan já, ìgbà 9 ni nínú 512, torí èyíkéyìí nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán ló lè já. Ìyẹn ni pé bí ènìyàn ṣe máa pàdánù pẹ̀lú ẹyọ kan ju bó ṣe máa jẹ lọ ní ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ọ̀nà tí wọ́n gbà ṣe é ni pé kó máa súnmọ́ ọ. Ìgbà gbogbo ni yóò máa súnmọ́ ọ.

Owó tí wọ́n ń san ńkọ́? Orí owó ẹyọ, ó yẹ kí ₦1 di ₦2. Ká ní ₦1.90 ni wọ́n ń san. Ó dà bí ohun kékeré, kọ́bọ̀ 5 ni wọ́n yọ nínú náírà. Tí o bá to mẹ́sàn-án pọ̀, ìyọkúrò náà ń sọ ara rẹ̀ di púpọ̀: nínú gbogbo ₦1 tí o bá fi ta, bíi kọ́bọ̀ 37 ti di tiwọn kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Mo kọ èyí sí pátákó fún àwọn ọmọ kíláàsì mi, torí àwọn ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún náà ti ń ta á.

Kí o gbàdúrà sí i o. Ṣùgbọ́n bí ohun náà bá tún sọ sí ọ lọ́kàn pé o ti súnmọ́ ọn, dá a lóhùn pé irọ́ ni. Baba irọ́ ni Olúwa pe èṣù.

Bàbá Rùkáyàt, Ọjà Ọba

Mùsùlùmí ni mí, ọ̀rẹ́ mi kan ló fi ọ̀rọ̀ yìí ránṣẹ́ sí mi. Ẹ fàyè gbà mí díẹ̀. Nínú Kùránì tiwa, Súrà Al-Maida ẹsẹ 90 kó ọtí àti tẹ́tẹ́ pọ̀, ó ní ká yàgò fún wọn. Yíyàgò ló sọ, torí ẹni tó dúró tì í yóò bọ́ sínú rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ wí nìyí, ọmọ mi. Yí àga rẹ ní ṣọ́ọ̀bù padà, kí ẹ̀yìn rẹ kọ sí títì. Ẹnikẹ́ni tó bá ń kọjá yóò máa rí ojú fóònù tó wà lọ́wọ́ rẹ. Bí fóònù oníbàárà bá nílò dátà láti fi yẹ̀ ẹ́ wò, ọmọṣẹ́ rẹ ni kó ṣe é. Ọlọ́run á ràn ọ́ lọ́wọ́.

Atúnfóònùṣe, Ìlọrin

Bàbá, ẹ ṣé o. Ọ̀la ni màá yí àga náà.

Akẹ́kọ̀ọ́, Táńkẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ọ̀nà yìí kan náà ni fún ẹni tí tirẹ̀ kì í ṣe tẹ́tẹ́? Àwòrán ìhòhò ni tèmi. Obìnrin ni mí. Gbogbo ìwàásù tí mo gbọ́ lórí rẹ̀, ọkùnrin ni wọ́n ń bá wí, mo wá rò pé èmi nìkan ni.

Ìyá Ìbejì, Gáà-Akanbí

Ìwọ nìkan kọ́, ọmọ mi. Má jẹ́ kí fóònù bá ọ sun yàrá kan náà mọ́, fún alábàágbé rẹ kó bá ọ tọ́jú rẹ̀ lálẹ́, iye ìgbà yòówù tó bá gbà. Ra aago kékeré tí yóò máa jí ọ, kí fóònù má di àwáwí. Kí o wá ìyá kan tí ẹnu rẹ̀ wúwo nínú ìjọ rẹ, kí o sọ fún un. Bí o kò bá rí, fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi níkọ̀kọ̀. N kò ní bá ọ wí.

Olùṣọ́-àgùntàn kan, Ìgbájà

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín láti àná. Mo fẹ́ bá Ajíhìnrere sọ̀rọ̀ díẹ̀, pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n, Babalọlá tí ẹ dárúkọ gbààwẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1928 tí ìpè dé bá a, ọkọ̀ tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀nà mọ́lẹ̀ ló ń wà, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lórí rẹ̀, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Kò jókòó lórí ọkọ̀ kó máa gbàdúrà pé kí ọkàn òun kúrò níbẹ̀. Àdúrà rẹ̀ ní ẹsẹ̀.

Ọmọ mi tó ń tún fóònù ṣe, ẹ̀jẹ́ tí o jẹ́ lálẹ́ ọdún yẹn kì í ṣe irọ́. Òtítọ́ ni lẹ́nu rẹ lálẹ́ ọjọ́ náà. Pétérù náà jẹ́jẹ̀ẹ́. Ó ní bí gbogbo ènìyàn bá kọsẹ̀, òun ò ní kọsẹ̀. Lóru ọjọ́ kan náà, Olúwa ní kó bá òun ṣọ́nà, ó sùn. Ẹ wo bí Jésù ṣe to ọ̀rọ̀ náà ní Mátíù 26:41: ẹ máa ṣọ́nà, kí ẹ sì máa gbàdúrà. Ìṣọ́nà ló kọ́kọ́ dárúkọ. Àwa ọmọ ìjọ, pàápàá ní agbègbè tiwa yìí, a mọ àdúrà dáadáa, à ń ṣe é títí ilẹ̀ fi ń mọ́. Ìṣọ́nà ni a kò mọ̀ ọ́n ṣe. Ọdẹ tó ń ṣọ́ ilé kì í jẹ́jẹ̀ẹ́ fún olè. Ẹnu ọ̀nà ló ń wò.

Augustine, olùkọ́ ìjọ àtijọ́, jẹ́ ọmọ Áfíríkà, Tagaste ní ilẹ̀ tó di Algeria lónìí ni wọ́n bí i sí lọ́dún 354. Nígbà èwe rẹ̀, ó gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún òun ní ìwà mímọ́, ṣùgbọ́n kó má tíì jẹ́ báyìí. Òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ èyí nígbà tó di bíṣọ́ọ̀bù. Lọ́dún 386, nínú ọgbà kan ní Milan, níbi tó ti ń sunkún lórí ara rẹ̀, ó gbọ́ ohùn ọmọdé tó ń sọ pé gbé e, kà á. Ó ṣí ìwé Pọ́ọ̀lù, ojú rẹ̀ bọ́ sí Róòmù 13, níbi tó ti ní kí á gbé Jésù Kírísítì Olúwa wọ̀, kí á má sì pèsè fún ara. Mo fẹ́ kí o dúró lórí “pèsè” yẹn. Owó tó wà nínú àkáǹtì tẹ́tẹ́ rẹ, ìpèsè ni. Nọ́ńbà káàdì báǹkì tí wọ́n ti fi pamọ́ síbẹ̀ ni. Ìbora náà, ìpèsè ni! Kọ̀wé sí wọn pé kí wọ́n ti àkáǹtì rẹ pa, ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ọ̀nà tí ènìyàn fi lè béèrè bẹ́ẹ̀. Gba káàdì báǹkì tuntun kí èyí tí wọ́n mọ̀ má ṣiṣẹ́ mọ́, kí o sì fi tuntun náà sí ọwọ́ ìyàwó rẹ.

Ní ti owó akọrin, má dá a padà níkọ̀kọ̀. Ibí ni èmi àti Ajíhìnrere kò ti fẹnu kò. Bí o bá dá a padà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, oṣù mẹ́ta sí i, àpótí yóò tún wà lọ́wọ́ rẹ, ìwọ nìkan ni yóò sì máa ṣọ́ ọ. Sákéù dìde dúró níṣojú àwọn tó ń ráhùn sí i, ó ní ìlọ́po mẹ́rin lòun máa san. Mo ti rí àwọn tí ìtìjú lé kúrò nínú ìjọ, òótọ́ ni Ajíhìnrere sọ. Àwọn tí mo sin, tí àṣírí pa, pọ̀ jù wọ́n lọ.

Ajíhìnrere, Òkè-Ẹ̀rọ̀

Mo gbọ́, sà. Ọ̀rọ̀ àpótí yẹn wọ̀ mí lára. Kó sọ fún wọn. Màá gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta náà pẹ̀lú rẹ̀, láti ọ̀la lọ.

Atúnfóònùṣe, Ìlọrin (alẹ́ Ọjọ́bọ̀)

Mo sọ fún ìyàwó mi lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Aṣọ àwọn ọmọ ló ń ká lórí bẹ́ẹ̀dì. Kò pariwo. Ó ká gbogbo rẹ̀ tán, ó to ti ọmọkùnrin sí ọ̀tún, ti ọmọbìnrin sí òsì, ó wá bi mí pé èló ló sọnù. Mo ní ₦54,500. Ó jókòó. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ohun tó sọ ni pé òun rò pé obìnrin ni mò ń bá sọ̀rọ̀ lábẹ́ ìbora láti ọjọ́ yìí. Ọdún mẹ́ta ló fi ń gbé ìyẹn sọ́kàn, kò sọ. N kò mọ ohun tí mo lè wí sí i, mo kàn di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Ó gbé káàdì àjọ rẹ̀ jáde. Ó ní òun á fi ₦20,000 kún un, ìyókù, èmi ni kí n ṣiṣẹ́ rẹ̀. Káàdì báǹkì mi ti wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Lánàá mo lọ bá ọ̀gá akọrin. Ó gba àpótí àti ìwé owó lọ́wọ́ mi. Ó dùn mí, ṣùgbọ́n ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Kò ní kí n fi ẹgbẹ́ sílẹ̀. Ó ní kí n wá sí ìdánrawò ní Ọjọ́bọ̀, kí n jókòó síbi tí mo máa ń jókòó. Ibẹ̀ ni mo ti ń bọ̀ báyìí.

Mo ti kọ̀wé pé kí wọ́n ti àkáǹtì náà pa. Mo ti yí àga. Ìlà mẹ́rin ti wà nínú ìwé pẹlẹbẹ mi. Sátidé ni mò ń bẹ̀rù. Tí aago kan bá ti lù, tí àwọn ará ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bá ti tan tẹlifíṣọ̀n, n kò mọ bí màá ṣe ṣe é.

Awakọ̀ Ọ̀fà Garage

Ọkọ̀ mi ń jáde láago méjìlá ọ̀sán Sátidé. Ìdọ̀fìàn, Àjàṣẹ́, Ọ̀fà. A ó dúró jẹun níbẹ̀, ká tó padà á ti di aago márùn-ún. Rédíò mi ti bàjẹ́, kò ní sọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. Má san owó ọkọ̀, ìjókòó iwájú ni màá fi sílẹ̀ fún ọ.

Atúnfóònùṣe, Ìlọrin

Ẹ ṣé, ẹ̀gbọ́n. Mò ń bọ̀. Ọmọṣẹ́ mi á dúró ti ṣọ́ọ̀bù, màá fi fóònù sílẹ̀ sọ́dọ̀ ìyàwó mi. Ẹ sọ àwọ̀ ọkọ̀ yín fún mi, kí n lè dá a mọ̀.

Awakọ̀ Ọ̀fà Garage

Bọ́ọ̀sì funfun ni, wọ́n kọ “Àánú Ló Gbà” sẹ́yìn rẹ̀. Tètè dé.